Ìdákẹ́ Ìṣẹ́jú-Àáyá Méjì

Ẹgbẹ́ olórin kan wà rí tí àwọn olólùfẹ́ wọn kò kún bọ́ọ̀sì méjì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jà lórí orin náà, ẹ ó ní odindi ìlú ló ń jà. Yàrá-Ẹ̀yìn ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù kan péré ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó tú ká. Ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà ni wọ́n tẹ̀, ìdajì rẹ̀ sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá onílù títí ọ̀rinrin fi jẹ ẹ́. Ariwo ló kún inú ẹ̀: ìlù bí ẹni ń fọ́ àga, gìtá bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Àfi orin tó kẹ́yìn. Nínú ìyẹn, onílù ti lọ sílé, wọ́n ti pa gìtá oníná, ọmọkùnrin ọdún méjìdínlógún kan sì mú gìtá onígi, ó ń bẹ ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún kan pé kó má tíì máa lọ.

Jókòó díẹ̀ sí i, òjò ò tíì dá,
Ìwé tá a ṣí sílẹ̀, a ò tíì kà á.
Bí wọ́n bá pè ọ́ nílé, sọ pé ò ń bọ̀,
Má tíì dìde, má tíì wọ bàtà ẹ.

Ọdún méjìdínlógójì rèé tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti ń fi orin yìí sunkún. Wọ́n ti gbà á láti inú téèpù sínú téèpù, láti inú téèpù sínú fóònù, títí ohùn náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di atẹ́gùn. Ibi tí wọ́n sì fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ rárá. Kí ẹsẹ ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀, gìtá á dúró, ohùn á dúró, gbogbo ẹ̀ á pa lọ́lọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì àti díẹ̀, ọmọkùnrin náà á sì tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti kọjá ohun tí ẹnu lè sọ. Bí wọ́n bá péjọ lọ́dọọdún láti kọ ọ́, onírun funfun àti onírun dúdú, gbogbo wọn á mú èémí dúró níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tó ń ta ìgò ojú, ti kọ ojú ewé mọ́kànlá nípa ìdákẹ́ náà. Ohun gbogbo ló wà nínú ojú ewé mọ́kànlá yẹn àfi òtítọ́.

Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni òtítọ́ ibẹ̀ wà, ìyẹn Abẹ.

Abẹ kì í ṣe orúkọ àbísọ. Nígbà tí téèpù ṣì jẹ́ téèpù, tí wọ́n ń fi abẹ ìfárí gé e, tí wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ padà, òun ni ọ̀dọ́kùnrin tó lè yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò láàrin ọ̀rọ̀ méjì tí etí ò sì ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọjá níbẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta báyìí. Ó ní yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe, níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń gbé téèpù àtijọ́ wá fún un: ìwàásù bàbá ẹnì kan, ẹ̀rín ọmọ kan tó ti di ọ̀gá ọlọ́pàá. Á nu ìdọ̀tí ara ẹ̀, á tún un ṣe, á gbà á sínú kọ̀ǹpútà. Òórùn gọ́ọ̀mù bàtà máa ń gba àárín pákó ilẹ̀ gòkè wá bá a, ó sì ti mọ́ ọn lára débi pé lọ́jọ́ tí alábàtà kò bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ kì í yá a.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan, Ṣúgà gun àtẹ̀gùn wá bá a pẹ̀lú páálí bàtà lábẹ́ apá. Ṣúgà ni ọmọkùnrin tó kọ orin náà, ohùn ẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ṣúgà. Iṣẹ́ kíkọ́ni ní ọkọ̀ wíwà ló ń ṣe báyìí, ikùn ti yọ, ohùn náà sì ti há, nítorí àtàárọ̀ dalẹ́ ló ń pariwo "Bíréèkì! Bíréèkì!" sí etí àwọn tí ò mọ ẹsẹ̀ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì.

"Abẹ, jókòó," ló wí kó tó mí.

"Ṣé orí ìdúró lo bá mi ni?"

"Ó dáa, di àga mú nígbà náà."

Ó ṣí páálí náà. Kì í ṣe bàtà ló wà níbẹ̀. Páálí téèpù pẹlẹbẹ kan ni, igun ẹ̀ ti jẹrà, ìkọ̀wé ọwọ́ Abẹ fúnra ẹ̀ sì wà lórí ẹ̀, ìkọ̀wé ọwọ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ń fi lẹ́tà ńláńlá yangàn: YÀRÁ-Ẹ̀YÌN, ORIN ÌKẸYÌN, ẸNIKẸ́NI MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

"Mo ń kó ẹrù kúrò nílé bàbá mi ni," Ṣúgà wí. "Abẹ́ àtẹ̀gùn ló wà. Díẹ̀ báyìí ló kù kí n jù ú nù. Àwọn ará wa ti gbọ́, wọ́n fẹ́ tún rẹ́kọ́ọ̀dù náà tẹ̀, láti ara ojúlówó téèpù. Wọ́n ní ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo làwọn ní: kó o má fọwọ́ kan ìdákẹ́ yẹn." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo máa ń sọ fún wọn pé ọkàn mi ló dúró níbẹ̀. Mo ti sọ ọ́ títí, èmi náà ti gbà á gbọ́."

Abẹ ṣí ìdérí páálí téèpù náà. Ní inú ìdérí, ohun tó ti gbàgbé pé ó wà láyé ń wò ó. Gígé téèpù kan ni, ó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, wọ́n ṣẹ́ ẹ po wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀, ó ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ikọ́. Ó fi àtàǹpàkò bò ó.

"Kí nìyẹn?" Ṣúgà béèrè. Ó ti gbàgbé ìgò ojú ẹ̀ sínú ọkọ̀.

"Àgékù ni. Kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Mo ti sọ fún Mọ́mì ẹ o."

Àtàǹpàkò Abẹ dúró síbi tó wà. "O sọ kí ni fún Mọ́mì?"

"Pé a ti rí téèpù náà. Ṣebí Kékeré wà nínú yàrá lọ́jọ́ yẹn, àbí o ti gbàgbé? Ìdí ilẹ̀kùn ló jókòó sí. Mo ní kò lè ṣe kó má ti sọ nǹkan níbì kan, kó rẹ́rìn-ín, kó béèrè aago. Abẹ, ó yẹ kó o rí ojú wọn. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé ohùn ẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ ojú ẹ̀, àwọn mọ ìrìn ẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ẹ̀ ti lọ mọ́ àwọn lọ́wọ́, kò sì sí ibòmíràn láyé tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀." Ó dìde, ó tún páálí bàtà òfìfo náà mú bí ẹni tí kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ ẹ̀ ṣe. "Bó o bá gbọ́ ọ, bó bá pe orúkọ mi níbì kan, jọ̀ọ́, pè mí. Ìyàwó mi ò ní bínú. Òun gan-an ló ní kí n wá."

Nígbà tó lọ tán, Abẹ kò lè gbé àtàǹpàkò kúrò.

Àbúrò ẹ̀ ni Kékeré, ọmọbìnrin inú orin náà, àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Bàbá wọn ti kú tipẹ́. Ìyá wọn ń ránṣọ ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe aṣọ iṣẹ́, igba maṣíìnì nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, láti aago méje àárọ̀ dé aago méje alẹ́. Bó bá wọlé, àfi kí wọ́n pariwo kó tó gbọ́ pé wọ́n kí òun. Àwọn ọmọ náà máa ń fi ṣeré: Kékeré á dúró lẹ́yìn ẹ̀, á sọ pé, "Mọ́mì, mo ti jẹ gbogbo ẹran inú ìkòkò," ìyá á sì dáhùn pé, "Ó ṣeun, ọmọ mi." Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí wọn ò fi ní lè dúró.

Yàrá tó wà lẹ́yìn ilé wọn ni ẹgbẹ́ náà ti gba orúkọ. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé ibẹ̀, wọ́n fi ìrọ̀rí dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, Abẹ fi hẹ́dífóònù bo etí, Ṣúgà jókòó sórí àpótí. Kékeré jókòó sílẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn, ó wọ súwẹ́tà Ṣúgà, ó fi orúnkún gbé àgbọ̀n. Ìfẹ́ tiwọn kò tíì ju kí wọ́n jọ ka ìwé kan náà lọ, kí ọ̀kan máa dúró de èkejì kó tó ṣí ojú ewé.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, Abẹ ti na ìka sí i. "Bó o bá fẹ́ wúkọ́, jáde síta."

Torí ó mọ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ náà ti ń wúkọ́ sínú ìrọ̀rí lóru, ògiri tó wà láàrin yàrá wọn kò sì nípọn ju páálí lọ. Ó ti bi í. Ọmọ náà dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má sọ fún Mọ́mì. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n á ní kí n máa sùn nílé, wọn ò ní jẹ́ kí n wá jókòó tì yín mọ́." Ó ṣe ìlérí. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Lójú tiẹ̀, ikọ́ lásán ni, Ṣúgà sì nílò ẹni tí yóò máa wò bó bá ń kọrin.

Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò dáa. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, nǹkan kan bọ́ sínú ohùn Ṣúgà tí kò sí níbẹ̀ rí tí kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ó di ojú. Abẹ ò lè mí. Ó wá ku ẹsẹ kan, okùn gìtá ń dún lọ díẹ̀díẹ̀, ni Kékeré wúkọ́. Abẹ yíjú sí i, ojú tó fi wò ó nìyẹn tó wà níwájú ẹ̀ láti ọjọ́ náà wá. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó ṣí ilẹ̀kùn bí olè, ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Ṣúgà kò tilẹ̀ lajú; ó kọ ẹsẹ ìkẹyìn. Nígbà tó parí, okùn gìtá kan já, òmíràn kò sì sí nílé láti fi tún un kọ.

Ní ọjọ́ kejì, Abẹ mú abẹ ìfárí, ó gé ikọ́ náà kúrò. Kí orin má baà tiro, ó wọn téèpù òfìfo tó gùn bákan náà, ó lẹ̀ ẹ́ sójú ẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀. Inú ẹ̀ dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀ débi pé ó gbọ́ ibẹ̀ léraléra. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń sọ pé àgékù kì í kúrò nílé kí iṣẹ́ tó jáde, nítorí náà ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí, ó kọ orúkọ ẹ̀ sí i, ó gbàgbé ẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá, ìyá wọn rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ìnujú ọmọ náà. Ikọ́ ife ni. Dókítà wo fọ́tò àyà, ó ní ká ní wọ́n gbé e wá ní oṣù márùn-ún, oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni. Ìyá ní, "Ṣùgbọ́n kò wúkọ́ rí! Mi ò gbọ́ kó wúkọ́ rí!" Dókítà ní láti tún ọ̀rọ̀ ẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbọ́ ọ, ibẹ̀ sì ni gbogbo wọn ti dákẹ́, torí ohun kan náà ti sọ sí wọn lọ́kàn. Abẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Ó la ẹnu. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n sin Kékeré, ẹnu náà ṣì wà ní lílà, ohunkóhun kò tíì jáde.

Ìyá ò pariwo ọ̀fọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ aago tó lù: "Etí mi ló pa ọmọ mi." Ó sọ ọ́ fún àwọn ará ilé. Ó sọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ránṣọ. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ń fọ ilẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn ẹlòmíràn, níbi tó dákẹ́ rọ́rọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Abẹ ti lọ fún méjìdínlógójì, ó sì ti ń rò pé ó ti rẹ òtítọ́ lójú ọ̀nà. Kò tilẹ̀ purọ́. Ó kàn jẹ́ kí ìyá ẹ̀ máa ru ẹrù náà lọ.

Téèpù tó bá ti pẹ́ a máa lẹ̀ mọ́ra. Bí ẹ bá gbé e sórí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìyẹ̀fun pupa tó gbé ohùn dání á bó sílẹ̀, ohùn á bá a lọ. Ooru jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń tàn án. Abẹ gbé e sínú àpótí tí àwọn ẹlòmíràn fi ń gbẹ èso, ó jókòó tì í ní wákàtí mẹ́jọ, láti àárọ̀ títí alábàtà fi ń ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ara ẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun ń tan ara òun.

Ìyá pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà, Abẹ sì ní láti máa pariwo kó tó gbọ́.

"O ti rí i?"

"Ó ṣì ń gbóná, Mọ́mì."

"Má jó o o."

"Mi ò ní jó o."

"Ó máa ń ki ọ̀rọ̀ bọ ọ̀rọ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni mo rántí. Bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ṣùgbọ́n ohùn ọ̀hún gan-an… Ó dáa, ṣe iṣẹ́ ẹ."

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé orin náà kọjá lórí ẹ̀rọ. Ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ìka Ṣúgà ń dún lára okùn. Ó dé ibi ìdákẹ́, ó rí ìlà tín-ín-rín méjì ibi tí abẹ ti kọjá, wọ́n kọjá lábẹ́ imú ẹ̀ bí ojú àpá. Kò sí Kékeré níbì kankan. Ó tún gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bóyá yóò rí ẹ̀rín, bóyá yóò rí aṣọ tó ha ilẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ mọ́ jù nígbà náà. Ó ti fọ yàrá náà mọ́ tónítóní.

Ó wá ku àgékù náà. Ó fi omi ìfọgọ́ọ̀mù yọ ọ́ kúrò nínú ìdérí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yọ báńdéèjì lára egbò. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín téèpù òfìfo méjì, ó fi hẹ́dífóònù bo etí, ó tẹ ẹ̀rọ.

Okùn gìtá ń kú lọ. Ikọ́, kì í ṣe ọ̀kan, méjì ni, ẹni tó wú u ń gbìyànjú láti gbé e mì. Lẹ́yìn náà, kó tó dópin, ohùn kan, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó ki ọ̀rọ̀ bọ ọ̀rọ̀:

"Ẹ má bínú, bọ̀dá mi."

Téèpù náà jáde lódì kejì ẹ̀rọ, ó dúró. Ìyẹ̀fun pupa díẹ̀ wà lórí irin. Ohun tó kù lára ẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ti gbà á. Abẹ kò rántí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ó rántí ikọ́, ó rántí ojú tó fi wò ó, ó rántí ọwọ́ tó fi bo ẹnu. Hẹ́dífóònù wà létí ẹ̀ nígbà náà, nítorí náà ó ní láti gbọ́ ọ, kò sì gbọ́ ọ. Ó ti lẹ ọmọ náà mọ́ inú ìdérí páálí, ó kọ "ikọ́" sí i lábẹ́, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ náà wá. Ó gbé orí lé tábìlì, ó sunkún débi pé alábàtà fi igi gbálẹ̀ kan òkè àjà, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kò sí?"

"Kò sí," ló dáhùn.

Nígbà tí ìyá pè, ó ní téèpù náà ti bàjẹ́.

Ó rọrùn láti sọ. Ó sọ ọ́ ní Ọjọ́rú, ó sọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀, ó sọ ọ́ fún Ṣúgà náà, ó ní ohùn ọkùnrin nìkan ló yè. Ó gbìyànjú nǹkan burúkú kan pẹ̀lú: ó fi kọ̀ǹpútà gé ikọ́ kúrò, ó fi "Ẹ má bínú, bọ̀dá mi" nìkan sílẹ̀. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ó rí i pé òun tún ti mú abẹ lẹ́ẹ̀kejì, ó bá pa á rẹ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó lọ wo ìyá. Yàrá ẹ̀yìn náà ló ń gbé báyìí nítorí orúnkún kò jẹ́ kó gun òkè mọ́. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣẹ́ aṣọ ìnura po ní ìṣẹ́po méjì, ìṣẹ́po mẹ́rin, bí ẹni ṣì wà ní iléeṣẹ́. Abẹ retí pé yóò tún béèrè. Kò béèrè. Ó bi í nípa iṣẹ́, ó bi í nípa alábàtà. Nígbà tí Abẹ dìde pé òun ń lọ, ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní:

"Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ téèpù yẹn dùn ọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Etí tí ò gbọ́ ọ nígbà tó wà láàyè, kí ló fẹ́ fi gbọ́ ọ báyìí?"

Abẹ dúró lójú ilẹ̀kùn. Ó wo ibi tó ti na ìka sí àbúrò ẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá jáde lọ báyìí, ìyá yóò kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu, òun nìkan ni yóò sì kù láyé tó mọ̀ pé irọ́ ni.

"Mọ́mì," ló wí, "téèpù náà ò bàjẹ́."

Ìyá ò gbọ́. Ó padà, ó jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀, ó sọ ọ́ sí i létí. Ọwọ́ ìyá dúró lórí aṣọ ìnura. Kò bi í pé kí ló dé tó fi purọ́. Ó kàn na etí sílẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fọ etí fún.

Abẹ yọ kọ̀ǹpútà àti hẹ́dífóònù nínú báàgì. Láti Ọjọ́rú ló ti ń gbé wọn káàkiri láìmọ ìdí. Ó fi hẹ́dífóònù bo etí ìyá, ó yí ohùn sókè débi tó lè lọ. Ó tẹ ẹ́.

Ìṣẹ́jú-àáyá méjì àti díẹ̀ kì í ṣe nǹkan. Ojú ìyá kọ́kọ́ ṣí gbàgà. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ hẹ́dífóònù mọ́ etí bí ẹni pé nǹkan inú ẹ̀ fẹ́ sá lọ.

"Òun ni," ló pariwo, torí ẹni tó bo etí kì í mọ bí ohùn òun ti lọ sókè tó. "Òun ni! Kékeré mi ni! Tún un ṣe!"

Abẹ tún un ṣe. Ó tún un ṣe nígbà mẹ́rin. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ìyá yọ hẹ́dífóònù, ó wò ó.

"Kí ló ṣe ẹ́ tó fi ń bẹ̀ ẹ́?"

Ẹyin lohùn, Abẹ ti di èyí mú fún ọdún méjìdínlógójì kó má baà bọ́. Ó bọ́ báyìí. "Ó wúkọ́ ni, Mọ́mì. Ó da orin rú. Mo wò ó níwòkuwò. Mo sì gé e kúrò."

"Oṣù wo nìyẹn?"

"Oṣù kẹrin."

Ìyá na ọwọ́ síwájú. Ó ń fi àtàǹpàkò kan orí ìka kọ̀ọ̀kan: oṣù karùn-ún, oṣù kẹfà, oṣù keje. Abẹ ń wò ó títí ó fi dé oṣù kọkànlá. Ìka ọwọ́ kan kò tó, ó kọjá sí èkejì.

"O gbọ́ ọ," ìyá wí.

"Mo gbọ́ ọ. Mo ti ń gbọ́ ọ láti oṣù kẹta. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ."

"Mo sì ń sọ ọ́ níwájú ẹ lójoojúmọ́ pé etí mi ni."

"Ẹ ń sọ ọ́."

"O jókòó, ò ń jẹun, mo ń sọ ọ́."

Ìyá gbé ọwọ́, ó fọwọ́ kan etí ọ̀tún, ó fọwọ́ kan tòsì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan tó ti sọ nù. Abẹ ń retí ẹkún. Ó ń retí àbàrá. Ó ń retí kó tilẹ̀ ṣépè fún òun, ìyẹn á dáa jù. Ìyá kò ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ó mú hẹ́dífóònù, ó fi bo etí padà.

"Kọ́ mi bí mo ṣe máa tẹ̀ ẹ́ fúnra mi."

Ó fi ìka ìyá sí ibi tó yẹ.

"Ó dáa," ìyá wí, kò wò ó. "Jáde síta."

Abẹ jáde. Ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, torí kò sí ibòmíràn tí ẹsẹ̀ ẹ̀ lè gbé e dé. Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Okùn aṣọ aládùúgbò ń mì. Fóònù ẹ̀ ń dún nínú àpò, Ṣúgà ni. Kò gbé e. Kò gbọ́ ohun tó ń dún ní etí ìyá ẹ̀. Ohùn ìyá fúnra ẹ̀ ló ń gbọ́. Ó ń pariwo nínú yàrá, bí àwọn tó bo etí ṣe máa ń pariwo, ó ń dáhùn, ó ń tẹ ẹ̀rọ, ó tún ń dáhùn:

"Kò sí nǹkan, ọmọ mi. Má bẹ ẹnikẹ́ni. Máa wúkọ́. Máa wúkọ́, mò ń gbọ́."